Sányán Tí A Fi Oúnjẹ Pa Láró

Ohun tó kọ́kọ́ dà mí láàmú ní Àbújá kì í ṣe ilé gíga, kì í sì í ṣe ọ̀nà gbọọrọ tí àwọn tó ti débẹ̀ ṣáájú mi máa ń ròyìn. Èjìká ni. Ní Ushafa tí mò ń gbé, àwọn obìnrin Gbagyi, tí àwa ń pè ní Gwárí, kì í ru ẹrù sórí. Èjìká ni wọ́n ń gbé gbogbo rẹ̀ lé: igi ìdáná, omi, ewé, àní àga pàápàá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, mo rí obìnrin kan tó di ewé tútù kún igbá ńlá kan, mo sì sáré lọ bá a gbé e rù bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Mo gbé igbá náà lọ síbi orí rẹ̀, ó yẹ orí. Mo tún gbé e tọ orí náà lọ, ó tún yẹ̀ ẹ́.

"Kai! Aunty, which kind help be this?" ni ó wí. "Na for shoulder. Head no be for load."

Ó gba igbá lọ́wọ́ mi, ó gbé e lé èjìká, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Mo fọwọ́ kan orí ara mi tó ti ń ru ẹrù láti kékeré, ó wá ń ṣe mí bíi pé mo ti ń fìyà jẹ ẹ́ láti ọjọ́ yìí wá. Jummai ni obìnrin náà ń jẹ́. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé iṣẹ́ kan náà la jọ ń lọ ṣe, pé oúnjẹ àwọn kòkòrò tí wọ́n torí wọn ránṣẹ́ pè mí láti Ìṣẹ́yìn ló wà nínú igbá rẹ̀.

Ẹni tó gbà mí síṣẹ́ jẹ́ obìnrin ọ̀mọ̀wé kan, ará Okun láti ìpínlẹ̀ Kogí. Dókítà ni gbogbo wa ń pè é. Ó ti kọ́ni pẹ́ nílé ẹ̀kọ́ gíga kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ra ilẹ̀ lẹ́bàá Ushafa, ó gbin igi mọ́bẹ́rì sí i, ó sì kọ́ ilé gbọọrọ kan fún irú kòkòrò tó máa ń pọ òwú sílíìkì lẹ́nu. Ọjọ́ tí mo dé iwájú rẹ̀, ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Ìṣẹ́yìn lo ti wá. Wọ́n ní ilé sányán ni ilé yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Sányán ni bàbá mi ń hun."

"Ó dáa. O ò ní bẹ̀rù kòkòrò nìyẹn."

"Rárá o, mà."

Ká sọ tòótọ́, mi ò rí kòkòrò sányán rí láyé mi. Àwọn tó ń wá a nínú igbó ló ń rí i. Òwú ni wọ́n ń gbé wá fún bàbá mi, òwú pupa rúsúrúsú tó ń dán díẹ̀, èyí tí wọ́n torí rẹ̀ ń pe sányán ní baba aṣọ. Nígbà tí Dókítà wá ṣí ilẹ̀kùn ilé gbọọrọ náà, tí mo rí atẹ́ lórí atẹ́, tí kòkòrò funfun tó gùn tó ìka ọwọ́ kún inú gbogbo wọn, tí mo sì ń gbọ́ ìró ẹnu wọn lórí ewé, gbogbo irun ara mi dìde. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ní wọ́n dára.

Òfin ibẹ̀ pọ̀ ju ti ilé kéú lọ. Mi ò gbọdọ̀ fi ìpara olóòórùn dídùn para. Mi ò gbọdọ̀ gé àlùbọ́sà kí n tó wọlé. Oògùn ẹ̀fọn sì jẹ́ èèwọ̀ pátápátá, nítorí èéfín rẹ̀ lè pa gbogbo ohun tó wà lórí atẹ́. Ẹ̀fọn wá ń jẹ mí bó ṣe wù ú nínú yàrá mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà. Mi ò lè pa kòkòrò tó ń jẹ mí, nítorí kòkòrò tí mò ń bọ́. Mo sunkún lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, kì í sì í ṣe nítorí ẹ̀fọn nìkan.

Àbúrò mi ọkùnrin, Lásísì, ló ń gbé pẹ̀lú Bàbá nílé. Fóònù rẹ̀ ni mo fi máa ń bá wọn sọ̀rọ̀.

"Ìyá mi," bẹ́ẹ̀ ni Bàbá máa ń pè mí, "ṣé ò ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, Bàbá."

"Iṣẹ́ wo gan-an ni wọ́n ní kí o wá máa ṣe níbẹ̀?"

"Kòkòrò ni mò ń bọ́, Bàbá."

"O ní adìẹ?"

"Kòkòrò ni mo ní, Bàbá. Àwọn tó ń pọ òwú."

"Ọmọ ẹlòmíràn lọ sí Àbújá, ó ń jókòó sí ọ́fíìsì. Tèmi dé Àbújá, ó ń gbé oúnjẹ fún ìdin." Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á lẹ́nu wọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo bi ara mi pé kí ni mo wá ṣe níbí ná?

Ojú Bàbá ti ń lọ kí n tó kúrò nílé. Oníṣègùn tó wò wọ́n ní Ìbàdàn ní èyí tó ti lọ kò ní padà wá, pé oògùn tí wọ́n ń kán sí i kàn lè bá wọn di ìyókù mú fún ìgbà díẹ̀ ni. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń wu Bàbá: kí wọ́n tún hun sányán gidi lẹ́ẹ̀kan sí i kí ojú náà tó ṣú pátápátá. Bẹ́ẹ̀, sányán gidi ti di àwátì. Igbó ti di oko, oko ti di ilé, àwọn tó ń wá ìtẹ́ kòkòrò náà ti kú tàbí kí wọ́n ti darúgbó. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní sányán báyìí, òwú ọjà tí wọ́n pa láró ni. Lásísì ra irú rẹ̀ wá fún Bàbá nígbà kan, wọ́n dá a padà.

"Ṣé kí n wá fi ìwọ̀nba ojú tó kù fún mi wo irọ́ ni?" ni Bàbá bi í.

Ohun tí Dókítà ń wá kò sì jìnnà sí èyí tí Bàbá ń wá. Funfun ni òwú tí àwọn kòkòrò tó ń sìn máa ń pọ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n jẹ àwọ̀ mọ́ oúnjẹ, kí òwú náà jáde lẹ́nu wọn ní pupa rúsúrúsú bíi ti sányán, kí ó má sí pé à ń rì í bọ aró mọ́. Nígbà tí ó ṣàlàyé rẹ̀ yé mi, Bàbá ló wá sí mi lọ́kàn. Mo pe ilé lọ́jọ́ náà.

"Bàbá, ẹ ní sùúrù díẹ̀. Màá fi òwú sányán ránṣẹ́ sí yín láti Àbújá."

"Sányán? Ní ilẹ̀ Gwárí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Tètè ṣe é o, ìyá mi. Ìmọ́lẹ̀ tí mò ń rí báyìí, ẹ̀gbẹ́ ojú kan péré ló ti ń wọlé."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, kì í ṣe é kó. Mo ti ṣèlérí, mi ò sì mọ̀ bóyá kòkòrò yóò gbà.

Kòkòrò kò gbà. Osùn ni Dókítà kọ́kọ́ fi gbìyànjú. A lọ osùn kúnná, a pò ó mọ́ omi, a wọ́n ọn sórí ewé. Àwọn kòkòrò náà gbé orí sókè, wọ́n ń yí i sọ́tùn-ún, wọ́n ń yí i sósì, bí ọmọ ọwọ́ tí wọ́n fẹ́ rọ ní àgbo. Wọn ò jẹ ẹ́. A ní ebi yóò mú kí wọ́n jẹ ẹ́. Ebi pa wọ́n, wọn ò jẹ ẹ́. Ìgbà tó yá, mo ń ṣa òkú wọn kúrò lórí atẹ́, omijé sì ń bọ́ lójú mi. Èmi tí irun ara mi dìde nígbà tí mo kọ́kọ́ rí wọn! Mi ò mọ̀ bóyá kòkòrò ni mò ń sunkún fún ni àbí ojú Bàbá.

Dókítà jókòó sórí àpótí, ó ń fi èdè ilé wọn bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Yorùbá ni, mo mọ̀ pé Yorùbá ni, ṣùgbọ́n bí mo bá di ọ̀rọ̀ kan mú, èyí tó tẹ̀ lé e á bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo dúró tì í, mò ń mi orí. Irú èyí ló máa ń ṣe mí jù ní Àbújá. Hausa tí mi ò gbọ́, mo ti mọ̀ pé mi ò gbọ́ ọ. Èyí tí mo gbọ́ ní ìdajì ló máa ń mú kí n rò pé nǹkan kan ti bàjẹ́ ní etí mi.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo máa ń wọ mọ́tò lọ sí Gwarinpa fún àsàlátù àwọn Yorùbá. Kí Ọlọ́run má bínú sí mi, nítorí kí n lè gbọ́ Yorùbá ni mo ṣe ń lọ ju àdúrà lọ. Àwọn ìyá ibẹ̀ gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi mí léèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe, tí mo sì sọ ọ́, wọ́n á ní, "Kòkòrò kẹ̀?" wọ́n á sì rọra sún àga wọn. Lọ́jọ́ kan, mo bi ọmọdébìnrin kan níbẹ̀ pé ṣé dáadáa ló jí. Ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó ní, "Fine, ma." Inú bí mi sí ọmọ náà, inú bí mi sí ìyá rẹ̀. Kò pẹ́ tí ìyàwó àfáà gbé omi fún mi, ni mo bá fi Hausa dá a lóhùn láìmọ̀ pé, "Yauwa, sànnu." Gbogbo wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Gwárí ti gba ọmọ yìí lọ́wọ́ wa," ni ìyàwó àfáà wí.

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Ní Ushafa, Bayarabiya ni wọ́n ń pè mí, ìyẹn obìnrin Yorùbá. Ní Gwarinpa, Ìyá Kòkòrò ni mo jẹ́. Bí mo bá pe ilé, tí ìyàwó Lásísì bá gbé e, á ní, "Ará Àbújá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Kò sí èyí tí mi ò ń dáhùn nínú orúkọ wọ̀nyí, kò sì sí èyí tó jẹ́ èmi gan-an. Mo ń rò ó lọ nínú mọ́tò títí a fi kọjá Kubwa, mi ò rí ìdí rẹ̀. Ìgbà tí mo délé, ewé ti tán lórí atẹ́, mo sì ti gbàgbé ohun tí mò ń rò.

Ìgbà tí ọyẹ́ dé, Dókítà ní kí a yí oúnjẹ náà padà pátápátá. Ó lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Gwagwalada, ó gba ìyẹ̀fun aláwọ̀ kan bọ̀ nínú ike. A sá ewé mọ́bẹ́rì gbẹ, a lọ̀ ọ́ kúnná, a pò ó mọ́ ìyẹ̀fun ẹ̀wà sóyà, a wá da ìyẹ̀fun aláwọ̀ náà sí i díẹ̀. A gbé e ka iná títí ó fi dì bí ọ̀lẹ̀, lẹ́yìn náà a gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sórí atẹ́. Èmi ni mo dúró ti ìkòkò. Mo mọ ọ̀lẹ̀ sè, kò sẹ́ni tó lè ní mi ò mọ̀ ọ́n.

Jummai dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kápá mọ́ àyà. "So you people dey cook moi-moi for worm," ni ó wí. "Walahi, my own pikin never see moi-moi since Sallah."

Mo gé díẹ̀ fún un kó wò ó. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó yí imú, ó ní kí kòkòrò máa jẹ tirẹ̀ lọ.

Kòkòrò sì jẹ ẹ́. Wọn ò kọ́kọ́ yára, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀kan bẹ̀rẹ̀, àwọn tó kù tẹ̀ lé e. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé mo ti fún wọn ní májèlé. Dókítà ní kí n fọkàn balẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà kò fọkàn balẹ̀, nítorí ó ń wá wò wọ́n ṣáá. Ìgbà tí àkókò tó, wọ́n gbé orí sókè, wọ́n dẹ́kun oúnjẹ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta òwú yí ara wọn ká. Láàárọ̀ tí a ṣí ilẹ̀kùn tí a rí ìtẹ́ tí wọ́n ta, pupa rúsúrúsú ni gbogbo wọn, láti ìpẹ̀kun atẹ́ kan dé ìpẹ̀kun èkejì.

"Okun o!" ni Dókítà kí wọn, bí àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe máa ń kí ènìyàn. "Okun o, ẹ̀yin ọmọ mi!" Ó bọ́ bàtà, ó ń jó láàárín ilé. Jummai pàtẹ́wọ́ fún un. Mo gbé ìtẹ́ kan lé àtẹ́lẹwọ́ mi, mo wò ó títí. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ pariwo. Àwọ̀ tí mo mọ̀ láti kékeré ni, ó wá bá mi ní ìlú tí kò sẹ́ni tó mọ̀ mí.

A fa òwú náà nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, a ká a jọ. Dókítà yọ púpọ̀ nínú èyí tó dára jù, ó ní kí n fi ránṣẹ́ sí Bàbá, nítorí òun náà fẹ́ rí bí yóò ṣe rí lórí òfì.

"Ṣùgbọ́n gbọ́ mi dáadáa," ni ó wí. "Gọ́ọ̀mù tí kòkòrò fi lẹ òwú yìí pọ̀ ṣì wà lára rẹ̀. A ò tíì mọ ibi tí àwọ̀ náà sùn sí, bóyá inú òwú ni, bóyá inú gọ́ọ̀mù ni. Kí wọ́n hun ún bó ṣe wà. Kí wọ́n má sè é o."

Mo fi òwú náà rán awakọ̀ kan tó ń lọ sí Ìṣẹ́yìn. Mo pe Bàbá, mo sì sọ ọ́ fún wọn bí Dókítà ṣe sọ ọ́.

"Ẹ má sè é o, Bàbá."

"Mo ti gbọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, bó ṣe wà yẹn ni kí ẹ hun ún."

"Mo ní mo ti gbọ́. Ṣé ojú ni mo ní ó ń dùn mí ni àbí etí?"

Lẹ́yìn èyí, bí mo bá pè, wọ́n á ní Bàbá wà lórí òfì. Lásísì ló ń bá mi sọ̀rọ̀, á sì yára gé e kúrú. Mo rò pé iṣẹ́ ló pọ̀ fún un. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni òun fúnra rẹ̀ wá pè mí, nígbà tí mò ń gé oúnjẹ kòkòrò lọ́wọ́.

"Àǹtí, ẹ jókòó."

"Kí ló ṣẹlẹ̀ sí Bàbá?"

"Kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Òwú yẹn ni. Ó ti funfun."

Mi ò lóye. Mo ní kó tún un sọ.

"Ìgbà tí Bàbá fọwọ́ kan òwú náà, wọ́n ní ó le, pé wọn ò tíì sè é. Mo rán wọn létí ohun tí ẹ sọ. Wọ́n ní, sányán wo ni wọn kì í fi omi eérú sè? Mo lọ kírun Àsárì. Kí n tó dé, wọ́n ti dáná fúnra wọn. Àǹtí, omi inú ìkòkò ló pọ́n. Òwú náà funfun báláú."

Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó sọ ọ́ tán. Gbogbo ọjọ́ ayé Bàbá ni wọ́n ti ń fi omi eérú sè sányán kí ó tó lè rọ̀ lórí òfì. Mo ti ní kí wọ́n má sè é, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ti mọ iṣẹ́ náà kí wọ́n tó bí mi.

"Kí ni Bàbá wá sọ?"

"Wọn ò mọ̀, Àǹtí. Ojú wọn ti lọ tán kí òwú náà tó dé. A ò sọ fún yín kí ọkàn yín má bàa gbé sókè lájò. Wọ́n fọwọ́ pa òwú náà, wọ́n ní, èyí gan-an ni sányán. Wọ́n wá bi mí pé àwọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Mo ní ó pọ́n. Gbogbo ilé ti fẹnu kò sí i báyìí. Wọ́n ń hun ún, wọ́n ń kọrin, Àǹtí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kọrin kẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, bí wọ́n bá bi yín, ẹ má bà á jẹ́."

Mo fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ojú Bàbá ti lọ, wọn ò sì sọ fún mi. Mo bínú sí Lásísì, mo sì káàánú rẹ̀ nínú èémí kan náà. Mo gbé ọ̀rọ̀ òwú náà lọ bá Dókítà.

"Mo ní kí wọ́n má sè é!" Ó fi èdè ilé wọn sọ ìyókù. Lẹ́yìn náà ó jókòó. "Gọ́ọ̀mù ni. Inú gọ́ọ̀mù ni àwọ̀ náà sùn sí. Kò wọnú òwú." Ó ní ìyẹ̀fun mìíràn wà tí a lè fi gbìyànjú, pé a ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo bi í pé kí ni kí n wí fún Bàbá, ó wò mí, ó ní ọ̀rọ̀ kòkòrò nìkan ni òun mọ̀.

Jummai ní tirẹ̀ kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Your papa dey sing. Leave am make e sing," ni ó wí. "Na truth e wan chop?"

Bóyá òótọ́ ló sọ. Mi ò mọ̀. Mo rò ó títí orí mi dàrú. Kòkòrò jẹ ohun tí a fún un, ó yó, ó gbé e wọ̀ sára, gbogbo wa jó. Omi gbígbóná kan dé, ó bọ́ ọ kúrò. Mo wá ń ro ti ara mi. Tùwó tí mo ti fẹ́ràn báyìí, sànnu tó ti mọ́ mi lẹ́nu, ẹrù tí mo ti ń gbé lé èjìká nígbà míì bí kò bá sí ẹni tó ń wò mí, ṣé inú mi ni wọ́n wà ni àbí ara? Ilé tí mo ní mo ti wá ńkọ́, tí wọ́n ti ń pàdé lórí ohun tí mo gbọ́dọ̀ mọ̀ àti ohun tí n kò gbọdọ̀ mọ̀? Bí ẹnì kan bá sè mí lónìí, mi ò lè sọ ohun tí yóò kù nínú ìkòkò. Ìbéèrè náà bà mí lẹ́rù, mo fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tí Bàbá hun aṣọ náà dé ìparí, Bàbá fúnra wọn ló ní kí Lásísì pè mí lórí fóònù tí a ti ń rí ojú ara wa. Mo rí wọn nídìí òfì, aṣọ náà sì wà lórí itan wọn, wọ́n ń fọwọ́ pa á. Wọ́n rù. Ojú wọn ń wo ẹ̀gbẹ́ kan tí kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi. Mo kí wọn, wọ́n gbàdúrà fún mi títí.

"Lásísì, fi aṣọ han ẹ̀gbọ́n rẹ."

Lásísì gbé fóònù. Kí ó tó fi aṣọ hàn mí, ó kọ́kọ́ fi ojú ara rẹ̀ hàn mí, ó mi orí díẹ̀díẹ̀, ó ń bẹ̀ mí. Lẹ́yìn náà mo rí i. Funfun ni. Ìhunṣọ náà dọ́gba, kò sí ibi tí okùn ti fò.

"O rí i?" ni Bàbá bi mí.

"Mo rí i, Bàbá."

"Àwọ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

Mo ti pèsè irọ́ náà sílẹ̀. Ó ti wà lórí ahọ́n mi láti àárọ̀. Mo wá wo ọwọ́ Bàbá lórí aṣọ náà, bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ bíi pé wọ́n fẹ́ kí ó gbóná, tí wọ́n ń retí mi.

"Bàbá, funfun ni."

Lásísì di ojú. Mo rò pé mo ti pa bàbá mi.

"Gbogbo rẹ̀?" ni Bàbá bi mí.

"Gbogbo rẹ̀, Bàbá."

"Omi eérú ni."

"Omi eérú ni, Bàbá."

Wọ́n mi orí lọ, wọ́n mi orí bọ̀. "Láti ìgbà tí mo ti jókòó sídìí òfì yìí ni mo ti ń bi wọ́n. Lásísì ní ó pọ́n. Ìyàwó rẹ̀ ní ó pọ́n ju ti àtijọ́ lọ. Ohùn kan náà ni gbogbo wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Bí ohùn bá ti dọ́gba jù nínú ilé yìí, mo máa ń mọ̀ pé wọ́n ti ṣe ìpàdé." Ó dùn wọ́n, mo rí i pé ó dùn wọ́n. "Ìwọ tó wà lájò ni mo wá ń bi léèrè ohun tó wà lórí itan mi."

Mo bú sẹ́kún.

"Má sunkún, ìyá mi. Funfun pọ̀. Irú funfun wo ni?"

Mo ronú kan ẹfun, kì í ṣe òun. Mo ronú kan wàrà, mo ronú kan òwú oko, kò sí èyí tó bá a mu. Mo ní kí Lásísì gbé aṣọ náà lọ sẹ́nu ọ̀nà, síbi tí oòrùn wà, kí ó gbé fóònù sún mọ́ ọn dáadáa, kí n lè bá Bàbá wò ó.